Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rìn Ín

Tí òjò bá ti rọ̀ ní Ìjẹ̀gùn, òórùn ẹrẹ̀ àti epo ọkọ̀ á gba gbogbo àdúgbò wa, ara mi kì í balẹ̀ títí dòní. Ìwọ náà ṣáà mọ ọ̀nà wa, kòtò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ojú ipa táyà nìkan ló máa ń tẹ̀. Á ní, "Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kó o tẹ̀." Inú á bí mi. Mo máa ń sọ fún un pé Ìjẹ̀gùn nìyí o, kì í ṣe ojú ogun.

Iṣẹ́ tiẹ̀ lókè Ọya lọ́hùn-ún ni wíwá bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀tá rì mọ́ ojú ọ̀nà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dojú bolẹ̀, wọ́n á máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá yẹ ọ̀nà wò ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín kí ọkọ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ kan, ibà gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣánlẹ̀ bó ṣe yẹ ọ̀nà kan wò tán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó jókòó, òun á bá a rìn ín. Àṣé ó ku ẹyọ bọ́ǹbù kan tí irin ẹ̀gbọ́n mi ò bà. Ọ̀rẹ́ náà ò padà wálé.

Ìdímù ni ìyàwó olóògbé ń gbé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń múra àtilọ jẹ́wọ́ fún un. Á wọ bàtà, á tún bọ́ ọ. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọ̀rọ̀ yìí máa pa á mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Sátidé kan, lẹ́yìn òjò, ọ̀rọ̀ náà sú mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ jàre."

Obìnrin náà gbé àga fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó, ó kúnlẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi ni mo yẹ ọ̀nà yẹn wò. Ẹsẹ̀ tèmi ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà wá béèrè pé, "Àwọn tó wà lẹ́yìn yín ńkọ́? Ṣé wọ́n padà kọjá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n kọjá. Ó ní òun dìde tòun tibà, òun tún gbogbo ọ̀nà náà yẹ̀ wò, òun sì kọ́kọ́ rìn ín, kí ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń sá fógun gba ibẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún mi rí. Obìnrin náà sunkún, ó sunkún gan-an, kò sì sọ pé òun dárí jì í.

Nígbà tá a máa lọ, omi òjò ti bo gbogbo àgbàlá rẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó bọ́ sínú omi ṣáájú wa. "Búlọ́ọ̀kù wà lábẹ́ omi yìí," ó wí. "Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í gbà kẹ́nikẹ́ni ṣíwájú òun, tẹ̀ lé e láì wolẹ̀.

Ojú tì mí. Ojo ni mo ti ń pè é nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí wá, torí bó ṣe ń rìn. Mi ò mọ̀ pé ara tiẹ̀ ló ń fi ṣáájú nínú ẹrẹ̀ wa yẹn, kí nǹkan kan má baà ṣe tèmi. Tí òjò bá rọ̀ báyìí, mi ò bá a jiyàn mọ́. Ibi tó bá tẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀.