Àdúrà Tí Mi Ò Lè Gbà

Mo fọwọ́ gbá èjìká arábìnrin kan níbi ìpàdé àdúrà pé kó má sùn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an lẹ ń sùn." Oorun kankan ò kùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan ojú mi, ìpéǹpéjú òsì ti wó bo ẹyinjú. Mo sa gbogbo agbára mi kí n gbé e sókè, kò gbọ́. Mo fi ìka gbé e dúró, mo sì ń bá àdúrà lọ.

Èmi ni adarí ẹgbẹ́ àdúrà ní ìjọ wa ní Ìsọlọ̀, mo sì ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Bọ́ládé. Ohùn ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tí mo bá gbàdúrà, ará ilé kejì á ṣe àmín. Ní ti ọkọ mi, tó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà nílé, mo máa ń já a gbà lẹ́nu rẹ̀ ni, torí àdúrà tirẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ alábàágbé. Á kàn rẹ́rìn-ín, á sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì. Ara mi á dá ṣáṣá láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọrùn mi ò ní lè gbé orí mọ́. Tí mo bá ń jẹ ẹran, ẹnu á rẹ̀ mí kí ẹran tó kúnná. Ohùn mi ń gba imú jáde, àwọn oníbàárà sì ń bi mí bóyá òtútù ló mú mi. Ọkọ mi ní ká lọ sílé ìwòsàn. Mo ní rárá, ààwẹ̀ ló kù. Mo gba ààwẹ̀ náà, ó túbọ̀ burú. Nígbà tí ikọ́ tún dé, mo yà sí kẹ́míìsì kan ní Òkè-Àfà, mo ra oògùn apakòkòrò àrùn, torí mo mọ ara mi. Ara wo ni mo mọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tí mo mu gba imú mi padà jáde. Mi ò lè gbé itọ́ mì. Tí mo bá dùbúlẹ̀, èémí á há. Ọkọ mi gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń fi ọwọ́ ti orí mi lẹ́yìn títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó, mo fi áńkáṣíìfù gba itọ́ tó ń dà lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yíjú padà wò mí, ó sì mú wa wọlé.

Dókítà, obìnrin tí ò lè ju àkọ́bí mi lọ, ní kí n máa wo àjà láì ṣẹ́jú. Díẹ̀díẹ̀, ìpéǹpéjú mi méjèèjì wálẹ̀. Ó bèèrè oògùn tí mo ti lò, ọkọ mi fi páálí rẹ̀ hàn án, ó sì mirí. Orúkọ tó pe àìsàn náà ni mayasitíníà. Ó ní ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí iṣan kó tó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló wá dojú ìjà kọ ibi tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ń gbà wọ inú iṣan. Bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ló ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sí i, ojú, ọ̀nà ọ̀fun, àti iṣan tí a fi ń mí. Oògùn tí mo dá rà wà lára èyí tó lè mú un le sí i.

"Mọ́mì, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ wá máa ka nọ́ńbà láì tún mí."

Mo ka dé mẹ́wàá. Ó jáde lọ díẹ̀; nígbà tó padà dé, mo ka dé mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta. Ó pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó sọ: èémí mi ń tán lọ, wọ́n máa ki rọ́bà sí mi lọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá mi mí, kí oògùn tó ráyè ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ gbàdúrà. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo ní kí n gbà á lọ́kàn, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúró ti èkejì. Ẹ̀rù ikú bà mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Èyí tó tún dẹ́rù bà mí jù ni pé mo gbà pé àdúrà mi ló ń gbé ilé wa ró. Tí mi ò bá lè gbà á, ta ló kù?

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n sọ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó kú." Ó tán. Mi ò tiẹ̀ lè ṣe àmín. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, mi ò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo jí, ẹ̀rọ ṣì ń mí fún mi. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oògùn ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi wọlé, títí wọ́n fi yọ rọ́bà. Ṣíbí omi kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ó gba ọ̀fun lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì bú sẹ́kún.

Mo ṣì ń lo oògùn, mo sì máa ń sinmi lọ́sàn-án. Dókítà ní àìsàn náà lè padà wá, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí ìpéǹpéjú rẹ bá ń wó, tí ẹnu ń rẹ̀ ọ́ nídìí oúnjẹ, jọ̀wọ́ lọ sílé ìwòsàn, má ra oògùn fúnra rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó yíjú padà wò mí, lọ́wọ́ dókítà, àti lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi.

Mo dúpẹ́ lórí itọ́ tí mò ń gbé mì. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà lórí ẹ̀rọ, mi ò gba ààwẹ̀, mi ò ké halelúyà kan ṣoṣo. Mo ti rò pé èmi ni mo di Ọlọ́run mú. Ọwọ́ mi yọ̀ kúrò, síbẹ̀ mi ò ṣubú.