Orin Keje Tí Kò Ní Ohùn

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary lókè òkun, ilé iṣẹ́ tiwa kò ta epo rárá. Ẹ̀wà àti ìrẹsì la ń dì sínú páálí ní warehouse kan ní ìhà àríwá ìlú. Síbẹ̀, nígbà tí epo ṣubú, orí wa ló ṣubú lé. Máníjà ní nǹkan ti le. Ó gé wákàtí wa sí ìdajì, ó sì ní kí a máa fi ìdajì náà ṣe iṣẹ́ odindi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà. Mo gba oyè kejì nínú ìmọ̀ òṣèlú kí n tó kúrò nílé, mo sì lè fi wákàtí méjì ṣàlàyé ohun tó ń mú kí òtòṣì máa tòṣì. Páálí kò bi mí léèrè. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ epo kí wọ́n tó dá a dúró. Bí o kò bá pè é ní Engineer, kò ní dá ọ lóhùn. A sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Èèyàn nílò ohun kan tí snow kò lè bò mọ́lẹ̀.

Gbénga ni kò ní nǹkan tó fi ń yangàn. Ó wá kàwé, ó parí, ó sì ń dúró de PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí títí lọ. Iṣẹ́ yìí ni ìwé rẹ̀ dúró lé: bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́ nìyẹn. Ó ra gìtá àlòkù kan lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Cochrane, òun àti Morẹ́nikẹ́ sì ń ṣe orin tí wọ́n ń pè ní punk. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ariwo púpọ̀, kò sí sùúrù. Ibí ni wọ́n bí Morẹ́nikẹ́ sí. Òun ló ń lu dírọ́ọ̀mù, nínú basement àwọn òbí rẹ̀ ní Falconridge. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀.

Ìyá náà pariwo láti orí àtẹ̀gùn lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀: "Ta ni wọ́n ń pa nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Mummy, it's punk."

"Ẹ sọ fún Punk pé night shift ni mo ti dé o!"

Wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì bo ògiri, wọ́n so makirofóònù kan ṣoṣo mọ́ igi ìfọlẹ̀, wọ́n sì ń gba orin mẹ́jọ sílẹ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa níbi iṣẹ́. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo bi wọ́n pé níbo ni adùn wà nínú rẹ̀.

Gbénga ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ebi máa ń dùn ni?"

Èmi ni mo dábàá ìyanṣẹ́lódì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Nínú ìpàdé, èmi ni mo dìde, èmi ni mo sọ ọ́, gbogbo ọwọ́ sì lọ sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí òtútù ń gé etí èèyàn lẹ́nu géètì, mo gun orí àpótí kan, mo sì figbe ta: "A ò ní bẹ̀! A ò ní bẹ ẹnikẹ́ni!" Gbénga gbà á sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Igbe náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ohùn mi ni ẹ ń gbọ́ kí gìtá tó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn àgbà àdúgbò péjọ sí pálọ̀ kan ní àdúgbò Temple, wọ́n ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ìjà bá wà láàárín yín àti ẹni tó jù yín lọ, àwọn àgbà á tẹ̀lé yín lọ sílé rẹ̀. Ẹ ó gba ẹ̀bi, bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Ẹ ó ti ọ̀ràn sọ́rùn ọmọdé kan, nítorí wọn kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọdé lọ́rùn. Inú ọ̀gá á rọ̀, á ní ó ti tán, ẹ ó sì máa lọ sílé. Ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe.

Gbénga fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ò mọ ìyẹn o. Tó bá wá gba ohun tẹ́ ẹ sọ gbọ́ ńkọ́?"

"Ọmọdé yìí," mo ní, "ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ẹ̀bẹ̀?"

A lọ lọ́jọ́ Sunday, àwa àgbà mẹ́ta, agbádá lókè, bàtà snow nísàlẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ni máníjà wọ̀. Ajá rẹ̀ gbóòórùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò. Mo wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì oyè kejì mi bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Mo ní ìgbónára ọmọdé ló kó bá wa. Mo ní Gbénga ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó foríjì í, ọmọ rẹ̀ ni.

Máníjà mú bírò. "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yẹn?"

Mo sì pe lẹ́tà rẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n dá Gbénga dúró. Ìwé ìdádúró rẹ̀ ní àwọn àgbà rẹ̀ fúnra wọn ti jẹ́rìí sí i. Wọ́n pe àwa yòókù padà, wọ́n sì dá gbogbo wákàtí wa padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo sọ ọ́ tàbí n kò sọ ọ́. Mo ní àṣà wa ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ ọ́.

Ìgbà òtútù kò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀ tí ìwé Gbénga fi bọ́. Ó ku ohùn orin keje nìkan kí wọ́n parí rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni Gbénga ń di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Morẹ́nikẹ́ kọ̀ láti fi ohùn ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: gìtá, dírọ́ọ̀mù, àti àyè ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti di àgbà láàárín yín. Ẹ ń wọ ọ̀rọ̀ mi lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀mọ̀wé kan ti kọ ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí orin keje, ó ní ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ àtakò tó jinlẹ̀ sí agbára. Mo kà á tán, títí kan àwọn àlàyé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Kò síbi tó ti dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dá mi mọ̀ nínú train. "Uncle, na you be the voice? Respect, sir!" Ó bi mí pé kí la jẹ lérè. Mo ní wákàtí wa. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé lẹ́yìn ọdún méjì.

Ọjọ́ yẹn ni mo pe Gbénga ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń tún inverter ṣe. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò tíì bẹ̀ ẹ́ rí. Máníjà nìkan ni mo bẹ̀.

Ó gbọ́ tí mo ń mí gúlegúle. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti dọ̀bálẹ̀."

"Mo ti dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ dìde, ẹsẹ̀ ń dùn yín." Mo gbọ́ tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Èmi mọ̀. Àwọn tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ni kò mọ̀."

Máníjà ti ṣí kúrò nílùú yìí, warehouse sì ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀yin ló kù tí mo lè sọ ọ́ fún, ẹ̀yin tí ohùn mi wà létí yín. Gbénga kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ni mo dìde nínú ìpàdé yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí máníjà ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá sì dé orin keje, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún ìdákẹ́jẹ́ náà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.