Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbada

Ẹfun ojú pátákó ló kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni, nínú kíláàsì wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìdajì àwọn ọdún 1980. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ìlò ohun èlò ìkọ́ni gbé kámẹ́rà fídíò kan wọlé, ó gbé e lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kí ọ̀kan nínú wa lọ kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó. Ẹni náà kọ OMI, ó padà lọ jókòó. Ọ̀gá wa so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ bọ́tìnnì kan, a sì rí ẹni náà tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sídìí pátákó. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹfun ọwọ́ rẹ̀ jẹ lẹ́tà I, ó jẹ M, ó jẹ O, títí pátákó fi mọ́ fónífóní. Ìyẹ̀fun tó ti bọ́ sílẹ̀ tún gòkè, ó padà wọ inú ẹfun. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi là sílẹ̀, mo sì gbàgbé láti pa á dé.

Láti ọjọ́ náà ni kámẹ́rà yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo yá ìwé ìlànà tó bá a wá, mo kà á láti páálí dé páálí lẹ́ẹ̀mẹta, títí kan ibi tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ, nítorí pé àwòrán ibẹ̀ tóbi ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà pín sí: kámẹ́rà tí a ń gbé lé èjìká kan, àti àpótí tó ń gba àwòrán sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí a ń gbé kọ́ èjìká kejì. Wáyà dúdú kan ló so wọ́n pọ̀. Bí o bá fojú sí ihò ẹ̀yìn kámẹ́rà, dúdú àti funfun nìkan ni wàá rí, àmọ́ tó bá dé inú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àwọ̀ á yọ. Ìyẹn nìkan ń yà mí lẹ́nu lójoojúmọ́. Bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. A ò ní ẹ̀rọ tí a lè fi gé àwòrán ká tún un tò. Bí o bá ṣe yà á tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Bí o bá sì dá a dúró tí o tún bẹ̀rẹ̀, ojú ìsopọ̀ á fọ́, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Èmi fúnra mi ni mo ṣàwárí pé tí mo bá dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá méjì kí n tó tún bẹ̀rẹ̀, ojú ìsopọ̀ náà á mọ́. Kò sí nínú ìwé. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo dán an wò kó tó dá mi lójú.

Iṣẹ́ àṣekágbá wa ni kí oníkálukú ṣe ohun ìkọ́ni kan, kí ó sì fi kọ́ ẹni méjìlá níṣẹ́ tí wọn ò ṣe rí. Ó kéré tán, mẹ́jọ nínú wọn gbọ́dọ̀ lè ṣe é. Yíyan gàrí ni mo mú. Mo ya àwòrán mẹ́rìnlá sórí páálí ńlá, mo kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kó akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá jọ, àwọn ará Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Èkó, tí wọn ò jókòó ti agbada gàrí rí láyé wọn. Mẹ́ta péré ló yan ohun tí ènìyàn lè pè ní gàrí. Ti àwọn tó kù, òmíràn lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà, òmíràn di èédú.

Ọ̀gá wa wo ìwé mi, ó ní, "Mo fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Àwọn méjìlá mìíràn lo máa lò, kì í ṣe àwọn wọ̀nyí. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ò bá pé mẹ́jọ, wàá tún ọdún yìí kà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè lo kámẹ́rà?"

Ó pa ìwé mi dé. "Sátidé kan ṣoṣo. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó ti wà lórí tábìlì mi. Kásẹ́ẹ̀tì kan, bátìrì kan."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Màmá la máa ń pè é. Gàrí rẹ̀ funfun, ó kan, bí o bá da omi tútù sí i tí o lọ wẹ̀ kí o tó padà wá jẹ ẹ́, ó ṣì máa dún lábẹ́ eyín rẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣètò. Mo jókòó tì í pẹ̀lú aago ọwọ́, mo ń ka iye ìgbà tó ń fi àfọ́kù igbá ro inú agbada: ìgbà méjìléláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi okùn wọn bí àga rẹ̀ ṣe jìnnà sí iná tó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àwòrán mẹ́tàlélógún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá.

Ìṣòro kan wà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ máa ń wà nínú àpò lábẹ́ òkúta kó tó kan, kí omi rẹ̀ sì tó ro tán, Sátidé kan ṣoṣo sì ni mo ní. Mo ní kí màmá lọ àpò kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè, kí a wá lọ òmíràn lójú kámẹ́rà ní Sátidé, ká sì fi ti Túsìdeè rọ́pò rẹ̀.

"Irọ́ nìyẹn," màmá wí. "Ẹni tó bá wò ó á rò pé oòjọ́ ni gàrí mi, pé kì í kan."

A fẹnu kò pé màá kọ "Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà" sára páálí, kí n sì ya páálí náà. Ó ní kí n kọ mẹ́rin yẹn gàdàgbà.

Ní Sátidé ọ̀hún, ohun gbogbo lọ déédéé títí màmá fi gbé asẹ́ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ̀gẹ́ Túsìdeè. Etí ọ̀nà ni àtíbàbà rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó máa kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Màmá dá ọwọ́ dúró, ó yíjú síta. "Ẹ ṣé o! Ẹ kú ìrìn o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ìpàkọ́ rẹ̀ ni kámẹ́rà mi ń gbà. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tí ẹlòmíì tún fi dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Kí n má dá wọn lóhùn kẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe mí?"

Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀keje, bátìrì mi ti lọ dé ìdajì. Mo fa páálí kan ya, mo mú èédú nídìí iná, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ KÍ ẸNIKẸ́NI NÍBÍ. Mo gbé e kọ́ iwájú àtíbàbà, mo gbé kámẹ́rà padà sí èjìká, mo tún tẹ bọ́tìnnì. Mo rò pé mo gbọ́n.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àwọn tí ì bá kí wa kí wọ́n sì máa lọ fi dúró pitimu lójú ọ̀nà. Aládùúgbò kan, tí òun náà ń yan gàrí ní òdìkejì ọ̀nà, sáré wọlé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," màmá dáhùn.

"Ṣé ìjà la jà ni? Kí ni mo ṣe tí mi ò gbọdọ̀ kí yín mọ́?"

"Ọmọ àbúrò mi ló kọ ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yìí ló fẹ́ fi kọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ bí a ṣe ń yan gàrí."

"Ará Ọ̀yọ́ kẹ̀? Wọ́n á yan án di ẹ̀lùbọ́!"

Gbogbo àwọn tó dúró lójú ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Aládùúgbò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta mú díẹ̀ nínú èyí tí màmá ti sẹ́. "Ṣé èyí lẹ fẹ́ dà sínú agbada? Omi ṣì wà nínú ẹ̀."

"Omi wo? Ẹ wò ó." Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́wọ́, ó sì la ọwọ́. Ó ṣù bí ẹyin, àmì ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára rẹ̀. Ó fi ìka kan tì í, ó fọ́ wẹ́wẹ́. "Tó bá ṣù tí kò fọ́, omi wà níbẹ̀. Tí kò bá ṣù rárá, ó ti gbẹ jù. Èyí ńkọ́?"

"Ó dáa," obìnrin náà gbà, tìkọ̀ tìkọ̀. "Àmọ́ iná yín ti pọ̀ jù."

"Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀."

Màmá da ẹ̀kúnwọ́ náà sínú agbada. Àwọn méjèèjì dákẹ́, wọ́n dẹ orí sílẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń dún fùù, fùù, bí aṣọ tútù tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Màmá ń rò ó, ó ń fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, títí ó fi di ṣàràràrà, bí iyanrìn gbígbẹ tó ń dà sórí páànù.

"Ó dé," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dúró síbẹ̀, ẹrù lórí èjìká mi méjèèjì. Mo ti ń jẹ gàrí yìí láti ìgbà tí mo ti ní eyín, n kò sì mọ̀ pé ó máa ń fọhùn nígbà tó bá jinná. Mo rántí ohun tí mo kọ sórí páálí ìjelòó: "kí ó gbẹ dáadáa", "títí yóò fi jinná". Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà wo iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń gba àwòrán, ó ń tàn. N kò tíì dá a dúró láti ìgbà tí aládùúgbò ti wọlé. Kí n tó pinnu bóyá kí n pa ibẹ̀ rẹ́, iná náà kú. Bátìrì ti tán. Àwòrán bí a ṣe ń tẹ́ gàrí sílẹ̀ kó tutù kò wọlé rárá. Aago méjì àbọ̀ ti lù, mo di ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti ọ̀gá wa nìkan la jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò béèrè ẹni tó kú, ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ kó lè nu omi ojú. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún àwọn òbí mi pé mo máa tún ọdún kan kà. Lójijì, n kò gbọ́ ẹ̀rín mọ́.

"Dá a padà."

"Dé ibo, sà?"

"Ibi tó ti fún un mọ́wọ́."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ kóra jọ, ó padà di ẹyin ní àtẹ́lẹwọ́ màmá, ọwọ́ pa dé mọ́ ọn, bí ẹfun ọjọ́sí ṣe kó ìyẹ̀fun rẹ̀ jọ gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó.

"Má fọwọ́ kan nǹkankan nínú rẹ̀," ọ̀gá wí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, mo fi fídíò náà han àwọn méjìlá mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì fi àlàyé kankan kún un. A gbé agbada mẹ́ta kaná lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Màmá fúnra rẹ̀ wá ṣe ìdájọ́, ó gbé abọ́ rẹ̀ dání láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo wo àwọn àgbà ọmọ ilé ìwé yìí tí wọ́n ń fún ẹ̀gẹ́ mọ́wọ́, tí wọ́n ń la ọwọ́, tí wọ́n ń fi ìka tì í. Mo rí wọn tí wọ́n dẹ orí sí agbada, tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọ́n ń retí ohùn. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì ń dáhùn, láìgbé ojú sókè.

Màmá da omi tútù sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó dúró dè é, ó jẹ ẹ́. Èyí tó bá dún lábẹ́ eyín rẹ̀, ó gbé e sí ọ̀tún. Èyí tí kò bá dún, òsì. Nígbà tó kan abọ́ kẹjọ, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, mà." Ọmọ Ọ̀yọ́ kan dọ̀bálẹ̀ sínú eérú.

"Dìde, jàre. Màá lọ sọ fún aládùúgbò mi." Ó gbé e sí ọ̀tún.

Òsì ní abọ́ méjì: ti ọmọ Èkó kan tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ kó lè gbọ́ ohùn agbada, àti ti ẹnì kan tó yára kó tirẹ̀ kúrò lórí iná. Mo ka ti ọ̀tún, mo tún un kà. Mo ṣí ìwé mi, mo wo ìlà tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, "Páálí: mẹ́ta nínú méjìlá," mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Fídíò: mẹ́wàá nínú méjìlá."