Ìyá Tó Kọ́kọ́ Dé Àdúgbò Wa

"Di etí rẹ̀ mú dáadáa," ni màmá wí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fa etí aṣọ náà kó má baà ká kò. Ó bu omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn sára aṣọ, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ooru gbígbóná rú sí wa lójú. Òórùn káńfọ̀ jáde lára aṣọ náà, nítorí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an. Lọ́jọ́ kejì ni yóò wọ̀ ọ́ wá sí iléèwé wa láti wá bá wa sọ̀rọ̀, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń múra.

Mi ò bá màmá yìí tan. Òkè ilé wa ló ń gbé ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, kì í tètè dé. Nítorí náà, tí iléèwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ màmá ni mò ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Yorùbá nìkan la máa ń sọ nínú ilé náà. Àwa ọmọ tí wọ́n bí síbí kì í sábà rántí "ẹ". Tí mo bá ní, "Màmá, ṣé o ti jẹun?" á gbójú sókè.

"Ta lò ń bá wí? Ṣé èmi àtìwọ jọ wà ní kíláàsì kan náà ni?"

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti jẹun, ọmọ mi. O ṣeun."

A máa jókòó sídìí fèrèsé, ọpọ́n ẹ̀wà rírẹ láàárín wa, a ó máa bó o. Èèpo ẹ̀wà á léfòó, á lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Lóde, afẹ́fẹ́ odò Thames á máa fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, àwọn ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ á máa jẹ koríko lórí pápá. Ìdí ọpọ́n yẹn ló ti sọ fún mi nípa bàbá bàbá ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbá ni. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Akú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Nígbà tó dàgbà, ó wọkọ̀ padà wálé. Ó dé Èkó tán, àwọn ará Èkó ní Sàró ni. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í."

"Ṣé inú ń bí i?"

"Inú bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ tán, tó wọ kóòtù, òun náà ń pe àwọn tó bá nílé ní kèfèrí." Ó da èèpo ẹ̀wà nù. "Ẹni tí wọ́n bá ti fojú di, kì í pẹ́ rí ẹni tóun náà máa fojú di."

Ìdí ọpọ́n yẹn náà ló ti sọ ti ara rẹ̀ fún mi. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó dé Thamesmead, ilé tuntun ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Àwọn nìkan ni dúdú ní gbogbo ìlà ilé yẹn. Àwọn kan ń ti ìgbẹ́ ajá gba ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lára ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó máa lọ sílé. Láràárọ̀, á fọ ilẹ̀kùn náà kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kó kúrò, màmá ní òun ò lọ. Nígbà tí àwọn Yorùbá yòókù wá ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló ń mú wọn lọ sí Plumstead High Street, táá fi ibi tí wọ́n ti ń ta gàrí hàn wọ́n. Ó mú ìyá tèmi náà lọ.

Nítorí náà, nígbà tí tíṣà wa bèèrè ẹni tó mọ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé àdúgbò wa, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀rọ̀ náà pé, màmá wọ aṣọ rẹ̀, ó dé fìlà, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Wọ́n pe bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan pẹ̀lú. Màmá sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì ará Èkó ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ. Bàbá òyìnbó náà já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti wà níbẹ̀, òun ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó kọ́kọ́ dé kì í sì í ṣe irú àwọn màmá. Tíṣà wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí màmá kúkú sọ àwọn ohun tó dùn fún wa.

Màmá pa ọwọ́ pọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí, Ìjẹ̀bú làwọn òbí tiẹ̀, gbún mi ní ìgbúnwọ́.

"Is that your nan?" Ó ń bi mí bóyá màmá mi àgbà ni.

"Nah," ni mo wí. "She just lives upstairs. I don't even know her like that."

Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ, gbogbo ibẹ̀ sì ti dákẹ́. Màmá wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jókòó.

A jọ rìn lọ sílé. Ó gbé báàgì mi bó ṣe máa ń gbé e. A dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Má fòyà," ló wí. "Mi ò ní sọ fún ìyá ẹ."

Yorùbá tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Come in, dear. Wipe your feet." Ohùn tó fi ń bá àwọn tó ń wá tún ilé ṣe sọ̀rọ̀ ni. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ ní, "Màmá, ṣé o ti jẹun?" kó lè bínú sí mi.

"Yes, dear, I have. Thank you."

Oúnjẹ mi kò dín. Ẹran tó ń fi sí i tún pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó ń bó ẹ̀wà rẹ̀ kí n tó dé, kò sì sọ ìtàn kankan fún mi mọ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó máa ràn mí lọ́wọ́ nínú ìdánwò.

Ọdún kejì, àìsàn gbé màmá dè. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n: ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ foríjì mí. A dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi dúró tì mí, ojú tì mí.

"How is school?" ni màmá bi mí.

"Fine," ni mo wí.

Kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn já.

Ìwé ni mo fi kọ́ Yorùbá mi tó kù, nígbà tí mo ti dàgbà. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí, wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́ mi. Màmá mi àgbà ni, ni mo máa ń sọ. Mo máa ń sọ ọ́ sókè, níwájú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò pè é bẹ́ẹ̀.