Àtẹ́wọ́ fún Ìyálọ́jà Aláta

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní Kétu, ewúrẹ́ pàápàá a máa dúró gbọ́. Nítorí náà, ẹ gba eléyìí gbọ́, torí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì. Ó ń kọ́ bí àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ síra ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wọn ní ìwé nìkan kò tó, kí kálukú lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ran ẹni tí ogun lé kúrò nílùú lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan bẹ́ẹ̀ ní Ìkòsì fa obìnrin kan lé e lọ́wọ́, tó gbé ọmọ rẹ̀ sá wá láti Kamẹrúùnù. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń wá: àyè tí yóò ti máa ta ata ní ọjà Maili 12. Ìyálọ́jà aláta ló sì ń pín àyè.

Èmi ni mo mú wọn lọ, torí èmi àti ìyálọ́jà ti mọra tipẹ́. Ó ti wù ú láti fẹ́ mi rí. Bí ẹ bá bi í, yóò ní irọ́ ni.

Bí a ti débẹ̀, obìnrin náà tẹríba, ó káwọ́ pọ̀ bí igbá, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ìyálọ́jà: pọ́, pọ́, pọ́. Háà! Gbogbo ọjà pa lọ́lọ́. Tòmátì tó ń jẹrà gan-an dáwọ́ dúró.

"Èmi lò ń pàtẹ́wọ́ fún? Ṣé wèrè tó ń jó ni mí ni? Bàbá, ẹ mú àlejò yín kúrò níwájú mi!"

Èmi ti ń yọ́ lọ sẹ́yìn àpò àlùbọ́sà. Ọmọ ọmọ mi ò sá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti jíìnsì rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi í ohun tó ní lọ́kàn."

Ó fi pijin bi í. Obìnrin náà ti ń sunkún. Ó ní nílùú tòun, wọn kì í bọ ọba lọ́wọ́, báyìí ni wọ́n ń kí i.

"Mummy, ọba ló fi yín ṣe."

"Ọba kẹ̀?" Ìyálọ́jà tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ̀yin aláta, ṣé ẹ gbọ́? Àbí etí yín di? Ọmọ mi, ní kó tún un pa, kí àwọn ará ọ̀hún náà rí i."

Ó tún un pa. Ẹ̀gbẹ́ agbòòrùn ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún un láyè.

Bí a ti ń padà lọ sí Kétu, mo ń sọ fún gbogbo oníkẹ̀kẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi nìyí, pé ọba Kamẹrúùnù ti ránṣẹ́ sí i.

"Grandpa, ẹ dín in kù o," ó ń fà mí láṣọ.

N ò dín nǹkan kan kù. Mo tiẹ̀ fi kún un pé olùkọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.