Àwòrán Ọkọ̀ Òkun Tó Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn ní Wásinmi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé wa l'Ábẹ́òkúta. Ojú ìyá mi ń ṣú lọ, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rí fọ́tò kan kó tó ṣú tán: èyí tí bàbá mi yà wọ́n ní èbúté Àpápá, nígbà tí wọ́n ń ta àdìrẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi ṣe níbẹ̀ títí wọ́n fi kú. Àpótí fọ́tò wọn wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Papalanto.

Dẹ́rẹ́bà tó pe Papalanto já wa sílẹ̀ n'Ítòrí.

"Ṣebí Papalanto lẹ pè?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́ jù. Ẹ gun ọ̀kadà."

Mo gun ọ̀kadà. Kòtò ń tẹ̀ lé kòtò, tírélà sìmẹ́ńtì ń da eruku lù wá. Nígbà tí mo fi débẹ̀, gèlè mi dúdú ti di aláwọ̀ eérú.

Gààrí ni Bàbá Papalanto ń mu.

"Bàbá, ẹ kú oúnjẹ o."

"Ọmọ ire á bá wa jẹ ẹ́."

Mo ní fọ́tò bàbá mi ni mo bá wá.

"Fọ́tò? Ó pẹ́ tí mo ti kó o fún Àǹtí Bísí ní Wásinmi."

Wásinmi! Ìlú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá láàárọ̀!

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀ nígbà tí mo pè yín lórí fóònù lánàá!"

"O ní o fẹ́ wá kí mi. O ò dárúkọ fọ́tò."

Mo padà sẹ́yìn. Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi obìnrin, ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo fọ́tò mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Nínú èyí tí mo wá, ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò tò sí èbúté, àpò kòkó ga bí òkè, ìyá mi sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú igbá àdìrẹ lórí. Mo fà á. Etí rẹ̀ ya.

"Má fà á mọ́! Ṣé o fẹ́ ya ìyá rẹ sí méjì ni?"

Káfíńtà ló bá wa tú ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ Abẹ́òkúta, owó èèyàn méjì ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan ní, "Màmá, ṣé ilé lẹ̀ ń kọ́ ni?" Ojú ni mo fi dá a lóhùn.

Nígbà tí mo délé, mo gbé e ti ògiri níbi tí oòrùn wà. Ìyá mi sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìka wọn rìn lára ọkọ̀ ńlá kan, ó bọ́ sórí igbá, ó sì dúró níbi ikùn.

"Oyún rẹ nìyí. Oòrùn ń pa mí, ẹsẹ̀ mi wú. Bàbá rẹ ní ká dúró kí ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ yí orí padà. Inú bí mi lọ́jọ́ náà!"

Mo wo bí wọ́n ṣe fajú ro nínú fọ́tò. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín pa mí: mo ti rí ẹni tí mo fi ìkanra jọ.