Àtọ̀ tí Kò Gbóòórùn

Ẹnu Olúmúyìwá dùn níwájú pátákó, ẹnu náà ló sì tì í sínú ìtìjú ní ìpàdé tọkọtaya ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà lọ́dún 1994. Tísà bàọ́lọ́jì ni. Ohun tuntun kì í bọ́ sí i létí kó má sọ ọ́, àfi ọ̀kan ṣoṣo: dókítà kan ní Òṣogbo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti sọ fún un pé àtọ̀ rẹ̀ ò lágbára tó lè fún obìnrin lóyún. Nígbà tó délé, ó ní ara òun le koko. Láti ìgbà náà ni Phebe ìyàwó rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ kiri orí òkè, tí àwọn ará ilé ọkọ sì ń pè é ní àgàn.

Wọ́n ní kí tísà sọ̀rọ̀ lórí bí Ọlọ́run ṣe ń dá ọmọ. Ó ti gbọ́ nǹkan kan lórí rédíò òyìnbó, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn onímọ̀ ti wo àtọ̀ ajá. Ṣé ẹ mọ jíìnì, àmì àjogúnbá tó ń pàṣẹ fún ara? Irú èyí tó ń jẹ́ kí imú gbóòórùn, wọ́n bá a níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́! Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òórùn ni àtọ̀ fi ń wá ẹyin rí."

"Àtọ̀ ń gbọ́, kẹ̀?" Baba Béjidé, àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn gbé mì, ló dá a lóhùn. "Tísà, tìrẹ wá ńkọ́? Ṣé adití ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Olúmúyìwá fẹ́ bá wọn rín in, ẹ̀rín náà ò wá. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn.

Phebe ló dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Èmi ni Ọlọ́run ò tíì dá lóhùn."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Olúmúyìwá ń wo orúnkún ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú kì í yá nígbà téèyàn bá ń wá a.

"Phebe, dìde," ló wí. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Dókítà ní èmi ni."

Phebe ò dìde. Ó yíjú sí i, ó sì rọra bi í níṣojú gbogbo wọn pé:

"Àgbo tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín sè fún mi láràárọ̀ kí n lè lóyún ńkọ́?"